Ìṣirò Yàtọ̀ sí Ìjíhìn

Láàrin wa, ó máa ń nira fún ọmọdé láti bi àgbà pé, "Báwo ni ẹ ṣe ná owó wa?" Kíá ni a ó ní kò gbẹ́kẹ̀ lé àgbà. Ǹjẹ́ àfojúdi ni kí olówó bèèrè ọ̀nà tí owó rẹ̀ gbà lọ?

Ìtàn àwọn àgbẹ̀ àyíká Ìbàdàn lè là wá lóye. Láàrin ọdún 1968 sí 1969, àwọn Àgbẹ́kọ̀yà kọ owó orí. Akànràn, tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà lónìí, ni ibùdó Táfà Adéoyè, aṣáájú wọn. Òkè mẹ́fà, èyí tí í ṣe 30 ṣílè, ni wọ́n ní agbára àwọn ká. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wíwúwo owó orí nìkan ló fa rògbòdìyàn náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ráhùn pẹ̀lú pé ọ̀nà oko kò dára, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń fi ìyà jẹ àwọn. Wọ́n ń san owó, wọn kò rí èsì. Ẹ̀mí ṣòfò kí ìjọba tó dín owó orí náà kù sí pọ́n-ùn 2 ní ọdún 1969.

Káńsù ayé ọjọ́un ní akápò àti ìwé ìṣirò, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ìjọba ni a ń kó ìwé náà fún. Pé kí iye owó ṣe déédéé, ìṣirò nìyẹn. Pé kí a padà lọ jábọ̀ fún ẹni tí ó rán wa níṣẹ́, ìjíhìn nìyẹn. Ẹ wo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: níbi ìpàdé ọdọọdún, a ń ka ìṣirò sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ń bèèrè, akápò ń dáhùn, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní àrífín.

Ẹnìkan lè wí pé ìpín tí ó ń ti Àbújá wá ni púpọ̀ nínú owó tí Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà ń ná lóde òní, kì í ṣe owó orí àgbẹ̀. Kí wá ni àgbẹ̀ dá tí yóò fi bèèrè? Èmi kò gba èyí. Ẹni tí a fi ogún ọmọ olóògbé ṣọ́, ṣé nítorí pé àwọn ọmọ náà kò dá kọ́bọ̀ sí i ni kò ní í fi jíhìn fún wọn? Ogún gbogbo wa ni owó yìí.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sí ọwọ́ wọn tààrà. Ìdájọ́ náà lè gé ọ̀nà tí owó ń rìn kúrú; kò lè bá ẹnikẹ́ni jábọ̀ fún ará abúlé. Alága àti akápò ni iṣẹ́ yẹn kù sí lọ́wọ́: kí wọ́n ka iye tí ó wọlé, iye tí ó jáde àti gbèsè tí ó kù, ní èdè Yorùbá, lójú ọjà, kí a tó bi wọ́n. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.