Odindi Ọ̀rọ̀ ni Kí Ó Dé Pálọ̀

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń po ohùn fíìmù wa pọ̀ fi sọ́kàn, torí iṣẹ́ wọn kì í parí sí ilé sinimá.

Ilé sinimá tóbi, ó sì dákẹ́. Sípíkà wà lẹ́yìn aṣọ ìwòran, ó wà lára ògiri, èyí tó ń bú bí àrá sì wà nílẹ̀. Dẹ̀síbẹ̀lì 85 ni wọ́n fi ń ṣe òdiwọ̀n ohùn níbẹ̀. Òṣèré lè sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ìbọn dún tẹ̀lé e, kí etí sì gbọ́ méjèèjì. Ẹ wá gbé fíìmù kan náà wá sí ilé kan ní Ìgàndó, l'Ékòó. Jẹnẹrétọ̀ ń ké nílé kejì, ọkọ̀ ń fọn fèrè lójú ọ̀nà LASU sí Ìṣẹri, sípíkà kékeré méjì péré ló wà lára tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀rọ̀ ẹnu tó ní sípíkà tirẹ̀ láàárín ní sinimá á wá máa du àyè pẹ̀lú ìlù àti orin. Bí wọn ò bá tún ohùn náà pò fún ilé, ìlù á bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá tó ń wò ó á fi rìmóòtù gbé ohùn sókè. Bí ìbọn bá dún, ọmọ tó ti sùn á ta jí.

Àgbọ́ìgbọ́tán ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ìlù pàápàá ní ọ̀rọ̀ tó yẹ ká gbọ́ tán: nínú fíìmù Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe lọ́dún 1999, ìlù ló ń dájọ́ ẹni tó bá dé adé ìlú Jogbo láìṣe ohun tó yẹ. Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo; ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ọ̀mọ̀ràn wo ni yóò mọ ohun tí kò dún ketekete létí rẹ̀?

Nígbà tí fíìmù Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe dé orí Netflix lọ́dún 2022, òfin ti wà nílẹ̀ níbẹ̀: àpòpọ̀ ohùn 5.1 (ọ̀nà ohùn márùn-ún àti ọ̀kan fún ohùn tó ń bú bí àrá) tí a ṣe fún etí tó súnmọ́ sípíkà, kí ọ̀rọ̀ ẹnu sì wà ní nǹkan bí -27 lórí òdiwọ̀n ìròkè ohùn tí wọ́n ń pè ní LKFS. Àmọ́ ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá ń gba orí YouTube dé ilé, kò sì sẹ́ni tó máa dá a padà níbẹ̀ bí ohùn rẹ̀ bá dàrú. Ibi tí kò sí alábòójútó gan-an la ti ń mọ oníṣẹ́ tó pegedé.

Ẹni tó po ohùn ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú fíìmù sórí. Etí rẹ̀ lè máa gbọ́ ohun tí kò dún. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ohùn, ẹ gbé iṣẹ́ yín sórí tẹlifíṣọ̀n lásán, ẹ tan jẹnẹrétọ̀, kí ẹ pe ẹni tí kò wò ó rí. Bí ọ̀rọ̀ kan bá fò ó, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi owó rẹ̀ ra dátà ní Ìgàndó, odindi ọ̀rọ̀ ló tọ́ sí i.