Mùsùlùmí Níwájú Adájọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwé Ẹ̀sùn Ojú Pópó

Bismillāhi-r-Rahmāni-r-Rahīm.

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba Adákẹ́dájọ́ tí kì í ṣe ojúsàájú. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin! Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń wakọ̀ tàbí gun alùpùpù. Bí òṣìṣẹ́ ojú pópó bá já ìwé ẹ̀sùn fún wa, ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀: ká ki ọwọ́ bọ àpò lẹ́bàá ọ̀nà, tàbí ká wá irọ́ tí a ó lọ pa ní kóòtù. Ọ̀nà kẹta wà, òun ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Èmi náà gba irú ìwé yìí rí. Ẹ̀sùn méjì ló wà nínú rẹ̀: pé n kò de bẹ́líìtì ìjókòó, àti pé mo kọjá nígbà tí iná pupa ń tàn. Ti iná kì í ṣe òótọ́. Ti bẹ́líìtì, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Inú bí mi, mo ní n óò sẹ́ méjèèjì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun yóò wá jẹ́rìí pé òun wà nínú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mo gbà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọ kéú mi kan kà dé āyà 135 nínú Sūratu-n-Nisā, níbi tí Ọlọ́hun ti pa á láṣẹ fún àwa onígbàgbọ́ pé ká dúró ti déédé, ká jẹ́rìí nítorí Tirẹ̀, kódà bí ẹ̀rí náà bá ta ko àwa fúnra wa. Ọmọ náà ṣì í kà. Ó yẹ kí n tún un ṣe, ṣùgbọ́n n kò lè la ẹnu.

Ẹ̀yin ará, Islām kò ní ká má gbèjà ara wa. Nígbà tí Ànọ́bì (S.A.W.) rán Aliyu lọ ṣe adájọ́ ní Yẹ́mẹ̀nì, ó kìlọ̀ fún un pé kó má dájọ́ fún ẹni àkọ́kọ́ títí yóò fi gbọ́ ti ẹnìkejì. Àwọn baba wa náà ní, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 36, fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀: aláìlẹ́ṣẹ̀ ni ẹni tí a fẹ̀sùn kàn títí ẹ̀rí yóò fi hàn pé ó jẹ̀bi, a gbọ́dọ̀ fún un ní àyè láti múra, ó lè gba lọ́yà tàbí kó rojọ́ fúnra rẹ̀, ó lè bi ẹlẹ́rìí tó ta kò ó ní ìbéèrè, bí kò bá sì gbọ́ èdè kóòtù, wọn óò fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, ẹ múra. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀: ibi tí ẹ wà, aago tó lù, ibi tí òṣìṣẹ́ náà dúró sí. Ẹ ka ìwé ẹ̀sùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ wo ọjọ́, nọ́ńbà ọkọ̀ àti orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kọ. Bí igi bá bo àmì ojú ọ̀nà, ẹ yà á ní fọ́tò. Ẹ mú láìsẹ́ǹsì àti ìwé ọkọ̀ dání, kí ẹ sì tètè dé kóòtù. Ẹni tí kò bá yọjú, adájọ́ lè ní kí wọ́n lọ mú un wá. Ẹ fi sùúrù bi òṣìṣẹ́ ní ìbéèrè, ẹ má bá a jà.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún nǹkan mẹ́ta. Èkíní, rìbá: Ànọ́bì (S.A.W.) ṣẹ́bi lé ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà á. Èkejì, ẹ̀rí irọ́: nígbà tí Ànọ́bì ń ka àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi jù, ó fẹ̀yìn tì, bó ti kan ẹ̀rí irọ́, ó dìde jókòó, ó ń tún un sọ títí àwọn sàhábà fi ń fẹ́ kó dákẹ́. Ẹ̀kẹta, dídùn ẹnu: ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ níwájú adájọ́, Ànọ́bì ní ègé iná ló gbà.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi jókòó sílé. Mo sọ fún adájọ́ pé mo jẹ̀bi ti bẹ́líìtì, n kò jẹ̀bi ti iná. Mo bi òṣìṣẹ́ náà pé níbo ló dúró sí. Ó sọ òótọ́: ẹ̀yìn ọkọ̀ akérò kan ni òun wà, òun kò fojú òun rí iná náà. Adájọ́ da ẹ̀sùn iná nù, ó ní kí n san ti bẹ́líìtì. Mo san án, mo gba rìsíìtì.

Bí ó bá tilẹ̀ dá mi lẹ́bi méjèèjì, owó ni ìbá bọ́ lọ́wọ́ mi, ìgbàgbọ́ mi kò bá a lọ. Ẹ rántí kóòtù ọ̀la, níbi tí ẹnu yóò ti pa mọ́, tí ọwọ́ yóò máa sọ̀rọ̀, tí ẹsẹ̀ yóò máa jẹ́rìí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ òótọ́ níbẹ̀, kóòtù kékeré ti ayé yìí ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ ká wà lára àwọn olódodo. Āmīn.