ÀWỌN ẸYẸ TÍ Ń KỌJÁ LÓRÍ ILÉ WA



Bí ẹ bá gbé ojú yín sókè ní ọ̀sẹ̀ méjì yìí, ìbáà ṣe ní ọ̀nà Ìwátà tàbí ní ọ̀nà Másífà, ẹ ó rí i pé àwọn àlejò kan ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ láàárín wa. Àwòdì tí ó ti ń já òròmọdìẹ gbà mọ́ àwọn ìyá wa lọ́wọ́ láti ìgbà ọyẹ́ kò pọ̀ lójú ọ̀run mọ́. Lékeléke tí ń tẹ̀ lé màlúù kiri inú pápá, tí àwọn ọmọdé ń na èékánná wọn sí kí ó lè bun wọ́n ní funfun, ń tán lọ lójoojúmọ́. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan tí ìrù rẹ̀ là sí méjì bí ẹnu àlùmọ́gàjí, tí a máa ń rí lórí wáyà iná ní ìrọ̀lẹ́, ti ń lọ díẹ̀díẹ̀ láti oṣù kẹta. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, àgbẹ̀ ti ń gbin àgbàdo, ẹyẹ sì ń lọ.

Wòlíì Jeremáyà ti rí irú èyí rí. Ní orí kẹjọ ìwé rẹ̀, ó tọ́ka sí ẹyẹ àkọ̀, àdàbà àti alápàáǹdẹ̀dẹ̀, ó ní àwọn wọ̀nyí mọ ìgbà wíwá wọn, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn Ọlọ́run kò mọ òfin Olúwa wọn. Mo lè fi ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn kan wí láàárín wa, tí wọn kò tí ì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ láti Àjíǹde èṣí, tí ó sì kù díẹ̀ kí wọ́n máa bèèrè ọ̀nà ilé Ọlọ́run lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn. Wọ́n mọ ara wọn. Èmi náà sì mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí wọn ni mo ṣe mú gègé lónìí. Nítorí àwọn ẹyẹ náà gan-an ni.

Àwòdì àti lékeléke kò rìn jìnnà púpọ̀. Ìhà Òkè Ọya ni wọ́n ń lọ, níbi tí òjò ti ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tiwa, tí koríko tútù yóò hù, tí tata àti kòkòrò yóò sì pọ̀ fún wọn. Ibẹ̀ ni lékeléke ti ń yé ẹyin. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá tún mú, tí koríko ibẹ̀ gbẹ, wọn a padà sọ́dọ̀ wa. Àwọn àgbà ní àwòdì tí ń re Ìbarà, tí atẹ́gùn ta á nídìí, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yẹn ti wo àwòdì dáadáa. Nígbà tí mo wà ní sẹ́mínárì ní Ìbàdàn, mo rí ìwé kékeré kan tí J. H. Elgood, tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ jáde ní 1960 lórí àwọn ẹyẹ ìgboro àti ti inú ọgbà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àwòdì, àti ọjọ́ tí mo rí i kẹ́yìn, sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà mi.

Ti alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni ó yà mí lẹ́nu jù. Oríṣi ẹyẹ tí a ń pè ní orúkọ kan yìí ju ọ̀kan lọ. Èyí tí ń fi ẹnu bu amọ̀ mọ ilé sí abẹ́ òrùlé wa, ará ilé ni. Èyí tí mo ń wí, tí ọ̀fun rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ pupa, àlejò ni. Kò yé ẹyin kan ṣoṣo rí ní ilẹ̀ Yorùbá. Oúnjẹ ni ó bá wá sọ́dọ̀ wa. Inú ilé màlúù àti abẹ́ òrùlé àwọn àgbẹ̀ Yúróòpù ni ìtẹ́ rẹ̀ wà, nítorí pé ní oṣù kẹfà, ọ̀sán ìhà àríwá ibẹ̀ gùn ju wákàtí 16 lọ, ó sì ń rí àyè wá kòkòrò fún àwọn ọmọ rẹ̀ láti kùtùkùtù títí di alẹ́. Kí ó tó dé ibẹ̀, yóò la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Ẹ sì wo bí ó ti kéré tó: ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 20. Bí ẹ bá kó ewé tákàdá ìtẹ̀wé mẹ́rin lé ọwọ́, ẹ ti gbé alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan nìyẹn.

Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn òyìnbó tí ń rí i tí ó ń lọ kò mọ ibi tí ó ń lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan nínú wọn kọ̀wé pé inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún ni ó ń sùn ní ìgbà òtútù. Ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan tilẹ̀ sọ, ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, pé inú òṣùpá ni àwọn ẹyẹ ń lọ. Lẹ́yìn náà, ní 1822, wọ́n pa ẹyẹ àkọ̀ kan lẹ́bàá Klütz ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n sì bá ọ̀kọ̀ kan ní ọrùn rẹ̀, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 80. Wọ́n yẹ igi ọ̀kọ̀ náà wò: igi Áfíríkà ni. Ẹyẹ náà ti ru ọ̀kọ̀ ọdẹ kọjá aṣálẹ̀ àti òkun, ó sì padà sí ilé. Wọ́n tọ́jú òkú rẹ̀ sí Yunifásítì Rostock, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ní ti alápàáǹdẹ̀dẹ̀, agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ John Masefield, ní Staffordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi òrùka kékeré sí ọ̀kan lẹ́sẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1911. Ní oṣù kejìlá 1912 ni wọ́n mú un nínú ilé oko kan ní Natal, ní Gúúsù Áfíríkà.

Mo máa ń ronú nípa ọ̀kọ̀ ọdún 1822 yẹn. Ẹni tí ó jù ú rò pé ẹyẹ náà ti lọ, ọ̀rọ̀ sì ti parí. Kò mọ̀ pé àwọn ẹlòmíràn wà ní ìlú òkèèrè tí yóò rí iṣẹ́ ọwọ́ òun.

Ní Nàìjíríà wa níbí, ní Ebbaken lẹ́bàá Boje, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, àwọn onímọ̀ ẹyẹ ṣírò rẹ̀ pé alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí ó tó mílíọ̀nù kan àbọ̀ ń wọ̀ sùn nínú eèsún ní orí òkè ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ará abúlé a máa fi àtè mú wọn jẹ. Èmi kò lè dá ẹni tí ń wá ẹran ọbẹ̀ lẹ́bi láti orí àga mi níbí. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Ítálì, níbi tí àwọn ẹyẹ náà ń kọjá, wá jókòó pẹ̀lú àwọn ará abúlé náà kí pípa wọn lè dín kù.

Ṣùgbọ́n kí ni mo ń wá lọ sí Boje? Ẹ jẹ́ kí n wá sínú ọgbà ìjọ wa.

Gbogbo yín mọ odán tí ó wà lẹ́yìn ilé fadá, tí lékeléke ń wọ̀ sùn lórí rẹ̀. Ẹ kò sì tí ì gbàgbé ohun tí wọ́n ṣe sí gèlè àwọn ìyá ìjọ ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, nígbà tí a ń tò bọ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́. Àwọn àgbà ìjọ ní kí a gé igi náà. Èmi náà gbà. N kò ní fi pamọ́ fún yín. Mo ránṣẹ́ pe agégẹdú, a ná an, mo san owó àsansílẹ̀, ó sì ní òun yóò dé ní ọjọ́ kejì Àjíǹde.

Ní ọjọ́rú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, ìyá kan tí ń bá wa gbá ọgbà dúró níwájú mi pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, “Fadá, ẹ̀yin ni ẹ ń wàásù fún wa, èmi kò lè kọ́ yín. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni mí ní Gáánà ní 1969, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ fún àwọn àlejò ní ọ̀sẹ̀ méjì pé kí wọ́n kó jáde. Bàbá mi fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ tọjàtọjà. Ọmọ mi méjì wà ní Abidjan lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹyẹ tí yóò lọ fúnra rẹ̀ ní oṣù tí ń bọ̀, kí ni a ń lé e fún?”

Ta ni nínú wa ní Èjìgbò tí kò ní ẹnì kan ní Abidjan? Ní ìlú wa yìí ni ènìyàn ti ń gbọ́ Faransé ní ọjà bí ẹni pé Kútọnu ni ó wà. Ọkọ̀ ń gbéra níhìn-ín, ó ń gba Lomé àti Accra kọjá, ó sì ń gbé ọmọ wa lọ bá àwọn tí kò bí wọn. Nínú ìwé Léfítíkù, Ọlọ́run rán Ísírẹ́lì létí pé àlejò ni àwọn náà rí ní Íjíbítì, nítorí náà kí wọ́n fẹ́ràn àlejò tí ó wà lọ́dọ̀ wọn. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Kò sì wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń bá agégẹdú ná owó.

Mo dá a dúró. Owó àsansílẹ̀ ti di tirẹ̀. Láti inú àpò mi ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ akápò.

Àwọn kan sọ fún mi pé ẹyẹ kì í ṣe ènìyàn. Òótọ́ ni. Olúwa wa pàápàá sọ pé a níye lórí ju ọ̀pọ̀ ológoṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìwé Mátíù wé ti Lúùkù. Mátíù ní ológoṣẹ́ méjì ni wọ́n ń tà ní owó ẹyọ kan. Lúùkù ní márùn-ún ni wọ́n ń tà ní owó ẹyọ méjì. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà ti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí n tó sọ ọ́: ìkarùn-ún, ènì ni. Kò ní iye owó rárá. Nípa àwọn wọ̀nyí gan-an sì ni Olúwa wa sọ pé Ọlọ́run kò gbàgbé ọ̀kankan.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọdékùnrin tí ń sìn ní pẹpẹ, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, fi kànnàkànnà onírọ́bà ta lékeléke kan lórí odán yẹn ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde. Apá rẹ̀ kan dá. Mo bínú sí i gidigidi, ọmọ náà sì sunkún. Láti ìgbà náà, ẹyẹ ọ̀hún wà lábẹ́ àgò ní àgbàlá ìyá rẹ̀, ọmọ náà sì ń wá tata fún un kí ó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àti nígbà tí ó bá dé. Ó ń jẹun, ṣùgbọ́n kò lè fò. Ní alẹ́ àná, kò sí ẹyẹ kankan tí ó wọ̀ sí orí odán mọ́. Ọmọ náà wá bá mi, ó bi mí bóyá àwọn yòókù yóò dúró de èyí tí ó wà lọ́dọ̀ òun ní ibì kan lójú ọ̀nà. Mo sọ òtítọ́ fún un pé wọn kò ní dúró, ṣùgbọ́n pé ní nǹkan bí oṣù kọkànlá wọn yóò padà. Ó ka oṣù lórí ìka rẹ̀, ó sì bèèrè bóyá tata yóò wà títí di ìgbà náà.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ẹni tí ń to eegun, tí kò sì ní fi wá rẹ́rìn-ín nítorí pé ẹyẹ ni, kí ó jọ̀wọ́ rí mi lẹ́yìn Mísà àkọ́kọ́.