Ta Ni Yóò Túmọ̀ Ẹ̀rín?

Bí a bá ní kí a máa ka oríṣìí ẹ̀rín tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ yóò ṣú bá wa lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín músẹ́ wà, èyí tí ẹnu kò yà fún; ẹ̀rín kèékèé wà, èyí tí aládùúgbò ń gbọ́; ẹ̀rín àrín-tàkìtì wà, èyí tí ń gbé ènìyàn ṣubú lórí àga; ẹ̀rín ẹlẹ́yà sì wà, èyí tí ń dá ìjà sílẹ̀. Ènìyàn lè rẹ́rìn-ín sí wa, ó lè bá wa rẹ́rìn-ín, ó sì lè fi wá rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, sí, bá tàbí fi, ni ó ń sọ fún wa bóyá ọ̀rẹ́ ni tàbí ọ̀tá. Èdè tí ó ní ọrọ̀ tó báyìí kò yẹ kí ó bẹ̀rù lẹ́tà mẹ́ta. Síbẹ̀, lẹ́tà mẹ́ta kan wà láyé ìsinsìnyí tí ó ń fún ògbufọ̀ ní iṣẹ́ ṣe. LOL ni.

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ LOL ni pé ẹni tí ó kọ ọ́ ń rẹ́rìn-ín, tí ohùn ẹ̀rín náà sì ń jáde. Kí ọdún 1990 tó dé ni àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà kọ̀wé síra wọn ní òkè òkun ti ń lò ó. Nígbà tí tẹlifóònù alágbèéká GSM dé Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ó bá a wọ̀lú. Owó ni a ń san lórí àtẹ̀jíṣẹ́, ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ ju àmì 160 lọ. Ẹni tí ó bá lè fi lẹ́tà mẹ́ta sọ ohun tí ẹlòmíràn yóò fi ogún sọ ti jèrè. Ní oṣù kẹta ọdún 2011, àwọn tí ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gbà á sínú ìwé wọn. Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín nínú àkọsílẹ̀ wọn ni pé LOL ti ní ìtumọ̀ mìíràn rí: láti ọdún 1960 ni àwọn kan ti ń fi lẹ́tà mẹ́ta náà pe ìyá arúgbó kékeré. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó yìí sọ́kàn, nítorí yóò wúlò fún wa níwájú.

Báwo ni àwọn ẹ̀yà mìíràn ti ṣe é? Àwọn ará Hólándì kò ṣe wàhálà láti túmọ̀ rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan tí í jẹ́ lol ti wà lẹ́nu wọn kí ó tó dé, ìgbádùn àti àwàdà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ńṣe ni ó dà bí àlejò tí ó dé tí ó bá ẹni tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà nílé. Àwọn Faransé ń kọ mdr, pé ẹ̀rín pa àwọn. Àwọn tí ń sọ èdè Sípéènì ń kọ ìró ẹ̀rín gan-an, jajaja, nítorí pé lẹ́tà j wọn ni ó súnmọ́ h tiwa. Àwọn ará Brazil ń kọ kkkk. Àwọn ará Thailand ń kọ 555, nítorí pé hà ni orúkọ márùn-ún ní èdè wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà tí ó túmọ̀ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí olúkúlùkù béèrè ni pé: nígbà tí nǹkan bá pa àwa lẹ́rìn-ín, kí ni àwa ń sọ?

Àwa ńkọ́? Ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé "mo ń rẹ́rìn-ín sókè" ti fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tí ì dé Yorùbá. Ẹ̀rín kì í lọ sókè lẹ́nu wa. Kèékèé ni a ń rín in. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi ń kọ "mo kú o" tàbí "ẹ̀rín pa mí". Ó dùn, ó sì bá ìṣe wa mu, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní Àkànrán tàbí ní Mọníyà kì í fẹ́ kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ pe ikú. "Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí" ni wọ́n ń sọ, "fẹ́rẹ̀ẹ́" yẹn sì ni ọgbà tí wọ́n fi yí ẹ̀mí ká. Wàhálà àmì ohùn tún wà níbẹ̀. Bí a bá fi àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kọ àtẹ̀jíṣẹ́ bí ó ti yẹ, àmì 70 péré ni yóò gbà dípò 160, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn lẹ́tà wa kò sí nínú èyí tí a kọ́kọ́ kó jọ fún iṣẹ́ náà. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ Yorùbá ní ìhòòhò. "Erin pa mi" ni wọ́n ń kọ, ẹni tí ó kà á kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni, tàbí ẹ̀rin tí í tẹ̀lé ẹ̀ta, tàbí erin inú igbó. Bí ó bá jẹ́ ti inú igbó ni, ìsìnkú ni ó kàn.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà lọ. Inú ilé ni ìbéèrè gidi wà: ẹni tí ó kọ LOL, ṣé ó rẹ́rìn-ín ní tòótọ́? Mo ti jókòó ti ọ̀rẹ́ mi kan nínú ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Ìyànà-Ọ̀fà, tí ó ń kọ LOL sí ọ̀tún àti sí òsì, tí ojú rẹ̀ sì le bí ojú ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ṣé òpùrọ́ ni kí a pè é?

Ní tèmi, n kò lè pè é ní òpùrọ́. Àwọn baba wa ń fi àrokò ránṣẹ́ síra wọn kí ìwé tó dé. Bí ènìyàn bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́, ẹni tí ó gbà á mọ̀ pé ẹ̀fà ni, pé ọkàn ẹni náà fà sí òun. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni, pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Kò sí ẹni tí ó pe owó ẹyọ ní irọ́ nítorí pé kò ní ẹnu. Àdéhùn ni. LOL náà ti di àrokò: ẹni tí ó fi ránṣẹ́ àti ẹni tí ó gbà á jọ mọ̀ pé kì í ṣe ìròyìn nípa eyín. Irọ́ inú ẹ̀rín yàtọ̀ sí èyí. Nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì, Sárà rẹ́rìn-ín nínú ara rẹ̀, nígbà tí a bi í ó sẹ́ nítorí ẹ̀rù. Irọ́ nìyẹn, nítorí pé ó fẹ́ kí ẹni tí ń gbọ́ gba ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ọmọ tí ó bí, Ísáákì, ẹ̀rín ni orúkọ rẹ̀ dúró fún ní èdè Hébérù. Nígbà tí Bíbélì Yorùbá parí ní ọdún 1884, ìró orúkọ náà dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹ̀rín inú rẹ̀ kò bá a dé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín ṣe máa ń jábọ́ lọ́wọ́ ògbufọ̀, bí ó ti wù kí ó mọ iṣẹ́ tó.

Kí wá ni àrokò yìí ń sọ? Àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí a bá wà lójúkojú, ojú wa ni ó ń sọ fún ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ pé eré ni a ń ṣe, pé a kò bínú, pé kí ó má fi ọ̀rọ̀ náà gún ara rẹ̀. Ìwé kò ní ojú. LOL ni a fi ya ojú sí i. Nítorí náà, bí ọmọdé bá kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun ti jẹ ẹran rẹ̀ tán, tí ó fi LOL sí i, kì í ṣe ẹ̀rín ni ògbufọ̀ rere yóò túmọ̀. "Ẹ má bínú o" ni. Bí ọ̀rẹ́ bá kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ pé ìwọ náà ti di alákọrí, LOL, "jàre" lásán ti tó láti mú ọ̀bẹ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. "O" àti "jàre" àti "ṣá" ni LOL tiwa, wọ́n sì ti wà lẹ́nu wa tipẹ́.

Títí dé ibi yìí, ọ̀nà tẹ́jú. Ó ku ibi tí ó ti ṣe gbágungbàgun. Nígbà ìsinmi, abúlé kan lẹ́bàá Lálúpọn ni mo máa ń gbé. Láyé àtijọ́, olùkọ́ tàbí akọ̀wé ni àwọn àgbẹ̀ ń gbé lẹ́tà lọ bá kí ó kà á fún wọn. Lónìí, tẹlifóònù ni wọ́n ń gbé wá bá irú èmi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá àgbà kan gbé tirẹ̀ wá. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ni ó kọ̀wé. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tí òun ń bá ṣiṣẹ́ ti kógbá sílé, wọ́n ní kí gbogbo àwọn máa lọ. Ó kọ LOL. Ó ní kí ìyá má ṣe ìyọnu.

Ẹ̀yin tí ń kọ́ èdè, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Bí mo bá fò ó, mo ti jí nǹkan nínú ẹrù tí a fi rán mi. Bí mo bá sọ pé "ó ń rẹ́rìn-ín", ìyá yóò rò pé orí ọmọ náà ti dàrú, tàbí pé kò mọ iyì iṣẹ́. Bí mo bá sọ pé "ìbànújẹ́ ni ó ń bò mọ́lẹ̀", òtítọ́ lè ni, ṣùgbọ́n ta ni ó fún mi ní àṣẹ láti ṣí aṣọ tí ọmọbìnrin náà fi bo ara rẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀? Ẹni tí ó rán iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́, ẹni tí a rán iṣẹ́ sí ní ẹ̀tọ́, ògbufọ̀ sì dúró láàárín àwọn méjèèjì.

Mo ka gbogbo rẹ̀ bí ó ti tò ó, nígbà tí mo dé ibẹ̀ mo sọ pé, "Ìyá, ó fi àmì ẹ̀rín sí ìdí ọ̀rọ̀ náà." Ìyá dákẹ́. Ó ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a ń fi í rín. Kọ ọ́ sí i pé mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Kọ ọ́ sí i pé iṣu wà lóko." Ìyá tí kò mọ lẹ́tà kan yàtọ̀ sí èkejì ni ó túmọ̀ LOL lójú mi, ó sì túmọ̀ rẹ̀ láìtú ọmọ rẹ̀ sí ìhòòhò.

Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé iṣẹ́ ògbufọ̀ kì í ṣe láti sọ ohun tí ẹ̀rín jẹ́, àfi bí ó bá dá a lójú pé ẹni tí ó rín in kò fi í pamọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé ẹ̀rín náà dé ibi tí a rán an, kí ó má dín, kí ó má lé, kí ẹni tí ó ni ín lè mọ̀ ọ́n. Níbi tí ẹ̀rín bá jẹ́ àwàdà, ẹ jẹ́ kí a fi kèékèé àti àrín-tàkìtì ṣe é, kí a má tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Níbi tí ó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi "jàre" àti "ẹ má bínú" ṣe é. Níbi tí ó bá jẹ́ aṣọ tí a fi bo ẹkún, ẹ jẹ́ kí a gbé aṣọ náà lọ bí ó ti wà ní dídì, kí a sì gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí yóò gbà á. Ẹni tí ó tọ́ ọmọ dàgbà mọ ẹ̀rín ọmọ rẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rẹ́rìn-ín tí kò ní rí ẹni tí yóò gbọ́ ọ.