Ṣé Irọ́ Tí Ó Ń Bọ́ Ilé Kì í Ṣe Irọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé àwọn oníjìbìtì nìkan ni òwe yìí ń bá wí. Ọ̀rọ̀ àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ó lè bá ènìyàn rere wí pẹ̀lú.

Àǹtí mi ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú Bangkok, ní orílẹ̀-èdè Thailand. Wọ́n máa ń sọ fún wa lórí fóònù bí ọjọ́ wọn ṣe ń lọ. Ní àárọ̀, wọn a dúró sí ẹnu géètì, àwọn ọmọ a pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, wọn a sì tẹrí ba láti kí tíṣà wọn. Ní aago mẹ́jọ, gbogbo ilé-ìwé a dúró fún orin orílẹ̀-èdè bí wọ́n ti ń fa àsíá sókè. Lẹ́yìn náà, kálukú a bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì, orin, àwòrán àti eré a sì bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹun ọ̀sán tán, àwọn ọmọ a sùn. Ìró "l" kì í parí ọ̀rọ̀ nínú èdè wọn, nítorí náà "ball" a di "bon" lẹ́nu wọn. Àǹtí mi kì í fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwa tí a sọ "bread" di búrẹ́dì, ẹnu wo ni a fẹ́ fi bú ẹlòmíràn?

Ní ọdún kejì wọn níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ di ìbéèrè. Ọ̀gá ilé-ìwé náà pè wọ́n, ó ní kí wọ́n máa sọ fún àwọn òbí pé ọmọ Amẹ́ríkà ni àwọn. Bí wọ́n bá gbà, owó oṣù wọn yóò lé sí i. Bí wọn kò bá gbà, àwọn òbí lè kó ọmọ wọn lọ. Àǹtí mi gbà. Odidi sáà ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n fi jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Èmi gan-an jẹ nínú irọ́ náà, nítorí pé inú owó yẹn ni wọ́n ti san owó ìdánwò WAEC mi.

Ǹjẹ́ ohun tí wọ́n ṣe burú? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn wọn. Ẹni tí ó parọ́ láti ja ènìyàn lólè yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ lójú. Ẹ̀kọ́ tí àwọn òbí sanwó fún, àwọn ọmọ wọn gbà á pé. Kì í sì ṣe ilé-ìwé kan ṣoṣo ni ó ń ṣe irú ojúsàájú yìí. Ní South Korea, orílẹ̀-èdè méje ni wọ́n kà sí ibi tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ èdè abínibí, bí ọ̀rọ̀ bá di físà olùkọ́ èdè; Nàìjíríà kò sí nínú wọn. Bẹ́ẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe ìjọba, òun ni a fi ń ṣe ìdánwò, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyinká sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1986 fún iṣẹ́ tí wọ́n fi èdè náà kọ. Ẹni tí ó ń fi ìwé ìrìnnà wọn ìmọ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀.

Síbẹ̀, ní tèmi, irọ́ náà kò tọ́. Àwọn kan yóò ní kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ó pa ènìyàn lára. Gbogbo iṣẹ́ rere tí àǹtí mi ṣe ní sáà yẹn, orúkọ Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ ọ́ sí. Bí ọmọ kan bá sọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dùn, òbí rẹ̀ a ní, "Ẹ ò rí i pé ọmọ Amẹ́ríkà ló yẹ kó máa kọ́ wọn!" Ọmọ Nàìjíríà tí yóò wá iṣẹ́ débẹ̀ lọ́la yóò bá ilẹ̀kùn kan náà ní títì, ọwọ́ àǹtí mi sì wà lára àwọn tí ó tì í.

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún márùn-ún kan ni ó fòpin sí i. Ó ya àsíá Amẹ́ríkà, ó ya tíṣà rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, ó sì fi ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti kọ́ béèrè bóyá ilé ìyá tíṣà nìyẹn. Àǹtí mi ní àwọn ti parọ́ fún àgbàlagbà láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n àwọn kò rí ẹnu sọ bẹ́ẹ̀ ni fún ọmọ yẹn. Wọ́n mú pẹ́ńsùlù aláwọ̀ ewé, wọ́n ya àsíá tiwa sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n ní, "Ilé ìyá mi nìyí." Ọmọ náà mú àwòrán rẹ̀ lọ sílé.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀gá ti gbọ́. Òbí kan mú ọmọ rẹ̀ kúrò. Àwọn yòókù fi tiwọn sílẹ̀. Owó oṣù àǹtí mi padà sí iye tí ó wà tẹ́lẹ̀. Nílé wa, a mọ̀ ọ́n lára. Ìyá mi bínú, wọ́n pariwo lórí fóònù pé, "Ta ló ní kó o ya àsíá?" N kò lè dá ìyá mi lẹ́bi. Ẹni tí ó ń gbọ́ bùkátà ni ó mọ bí ó ṣe wúwo tó.

Èrò mi ni pé ẹni tí ó fi owó lé irọ́ ni ẹ̀bi rẹ̀ pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ìpín kù fún ẹni tí ó pa á, ó sì kù fún èmi tí mo jẹ níbẹ̀. Irọ́ tí ó ń bọ́ ilé, irọ́ náà ni. Òwe àwọn àgbà sọ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Kò sọ pé kí ẹni tí ó gbé e wá di ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́jà.