Ẹran Lọ́wọ́ Ọ̀tún, Pàṣán Lọ́wọ́ Òsì: Báwo Ni Kí Mùsùlùmí Ṣe Kọ́ Ajá Ilé Rẹ̀?

Àríyànjiyàn kan ló bí àròkọ wa ti oṣù yìí. Ẹnìkan nínú wa ra ọmọ ajá nítorí olè, ó sì ń fi ẹ̀rún ẹran kọ́ ọ láti jókòó, láti dúró, àti láti wá bí a bá pè é. Aládùúgbò rẹ̀ rí i, ó ní ìwà ìbàjẹ́ ni. Ó ní ajá tí a ń fún ní ẹran kó tó gbọ́ràn, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ló ń gbà. Pàṣán ni ajá mọ̀. Ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀ ní kí ni Mùsùlùmí tilẹ̀ fẹ́ fi ajá ṣe. A mú ọ̀rọ̀ náà wá sójú ìwé yìí nítorí a rí i pé kò mọ sórí ajá. Ọ̀rọ̀ agbára ni: kí ló tọ́ kí ẹni tó lágbára ṣe sí ẹ̀dá tí kò lè fẹnu ara rẹ̀ rojọ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá ẹni ìkẹyìn lóhùn, nítorí tirẹ̀ kò gùn. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kìlọ̀ fún wa nípa sísin ajá láìnídìí, pé láádá ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò máa dín kù lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ó yọ ajá ọdẹ, ajá darandaran àti ajá oko sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ka ajá tí ń ṣọ́ ilé mọ́ àwọn wọ̀nyí, nítorí ìdí kan náà ló mú wọn wúlò. Ní ti itọ́ rẹ̀, àwọn onímọ̀ Málíkì, tí ọ̀pọ̀ àáfà ilẹ̀ Yorùbá ń tọ ọ̀nà wọn, kò ka ajá fúnra rẹ̀ sí ẹlẹ́gbin. Àwọn Ṣáfíì kà á sí bẹ́ẹ̀. Kí oníkálukú bi àáfà rẹ̀ léèrè. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni pé nínú Súrà Al-Máídà, ẹsẹ̀ 4, a ṣe ẹran tí ajá tí a ti kọ́ bá mú fún wa ní ẹ̀tọ́, a sì sọ níbẹ̀ pé ìmọ̀ tí a fi kọ́ ọ wá láti inú ìmọ̀ tí Ọlọ́hun fún wa. Ajá tí a kò kọ́ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ ló gbé ọ̀kan ga ju èkejì lọ, ajá ni àwọn méjèèjì!

Ànábì tún ṣàlàyé fún Adiyy ọmọ Hatim pé bí ajá bá ti jẹ nínú ẹran tó mú, kí ọdẹ má jẹ ẹ́ mọ́, nítorí ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ni ajá ṣọdẹ fún. Ẹ rò ó wò ná. Ajá tí ebi ń pa, ẹran tútù lẹ́nu rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn igbó, síbẹ̀ kò jẹ ẹ́. Pàṣán wo ló gùn tó láti dé ibẹ̀?

Ó ku ọ̀rọ̀ àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ti túmọ̀ rẹ̀ fún wa: à-bẹ̀-tẹ́lẹ̀, ohun tí a fi bẹ ènìyàn sílẹ̀ kó tó ṣe iṣẹ́, kó lè tẹ òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ẹran tí ajá gbà lẹ́yìn tó ti jókòó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Owó iṣẹ́ ni. Ẹ̀sìn wa kò fẹ́ kí a fi owó alágbàṣe falẹ̀. Ti ajá tilẹ̀ yá ju ti alágbàṣe lọ, nítorí bí ìṣẹ́jú àáyá méjì bá kọjá lẹ́yìn tó ti ṣe rere, kò mọ ohun tí ẹ ń san owó fún mọ́. Àmọ́ a kò ní jẹ aládùúgbò yẹn níyà. Ẹni tó bá ń ju ẹran lójú ajá kiri, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé "jókòó, jọ̀wọ́ jókòó," àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lòun ń fún un lóòótọ́, ajá náà yóò sì kọ́ láti máa wo ọwọ́ rẹ̀ kó tó gbọ́ràn.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Ẹ wá ẹran bíbọ̀ tí kò ní àlùbọ́sà (àlùbọ́sà a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́), kí ẹ gé e wẹ́wẹ́, kó má ju èékánná ìka kékeré lọ. Ẹ gbé ọ̀kan síwájú imú rẹ̀, kí ẹ rọra mú un lọ sókè sí ọ̀nà ẹ̀yìn orí rẹ̀. Bí orí bá ti ń tẹ̀lé ẹran lọ sókè, ìdí yóò máa lọ sílẹ̀. Gẹ́rẹ́ tí ìdí bá kan ilẹ̀, ẹ sọ pé "O káre!" kí ẹ sì fún un. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún, kí ẹran bọ́ sínú àpò, kó jẹ́ ọwọ́ òfìfo ni ẹ óò fi júwe. Ìgbà tó bá ń ṣe é láìṣìnà ni kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ náà, "Jókòó," sí i. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó lẹ́ẹ̀kan, kó tó jẹun. Bó bá yá, kí ẹ máa fún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí kò retí, kí "O káre" dúró fún ìyókù. Kí gbogbo ilé sì máa lo ọ̀rọ̀ kan náà. Bí bàbá bá ń sọ "Jókòó," tí àwọn ọmọ ń sọ ọ́ lédè Òyìnbó, tí ìyá ń sọ "Dìde kúrò níbẹ̀ yẹn," kí ni ajá fẹ́ gbọ́ nínú rẹ̀?

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti àná. Ní 1898, Edward Thorndike ará Amẹ́ríkà ṣàlàyé bí ológbò tí òun tì mọ́ inú àpótí ṣe ń kọ́ láti ṣílẹ̀kùn: ohun tó bá yọrí sí rere ni ẹranko máa ń tún ṣe. Síbẹ̀, fún ìgbà pípẹ́, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń fi kọ́ ajá ni ti Konrad Most, ọ̀gá ajá ọlọ́pàá ní Jámánì, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1910, tí fífa okùn ọrùn àti ìyà pọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó là wá lójú wá láti inú omi. Karen Pryor bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ẹran omi tí wọ́n ń pè ní dọ́fíìnì ní Hawaii ní 1963. Ta ló lè na dọ́fíìnì? Bí inú bá bí i, yóò lúwẹ̀ẹ́ lọ sí òdì kejì. Fèrè àti ẹja nìkan ló wà fún iṣẹ́ náà, wọ́n sì kọ́ ọ. Ní 1984 ló kọ ìwé tó sọ ọ̀nà yìí di mímọ̀ fún àwọn tó ní ajá nílé.

Èyí tó wù wá jù súnmọ́ ilé. Òkété tí àwọn ọdẹ ń gbé lé ẹ̀bá títì fún títà, ìbátan rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ní Morogoro ní Tanzania láti máa gbóòórùn àdó olóró tí ogun fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Ìró kékeré kan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún ní Cambodia, ó rí ohun abúgbàù tó lé ní 100, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ oníwúrà ní 2020, ó sì kú ní 2022. Kò sẹ́ni tó nà án.

Àwọn kan yóò ní ajá kò gbọdọ̀ má bẹ̀rù olówó rẹ̀. A bi wọ́n: ẹ̀rù náà, iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ní Portugal, wọ́n fi ajá 92 láti oríṣiríṣi ilé ẹ̀kọ́ ajá wéra, ìwádìí náà sì jáde ní 2020. Èyí tí wọ́n ń fìyà kọ́ ni ìpayà hàn lára wọn jù, títí kan itọ́ wọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Ohun tó léwu jù ni ti ajá tó ń kùn. Ọmọ súnmọ́ ọn, ó kùn, wọ́n nà án, ó dákẹ́. Inú olówó rẹ̀ dùn pé ó ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó mú un kùn kò tíì kúrò nínú rẹ̀, ìkìlọ̀ nìkan ló ti lọ. Lọ́jọ́ kan yóò bu ọmọ náà jẹ láìkùn rárá, wọn yóò sì ní ọ̀dàlẹ̀ ni ajá. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n mú ọmọ sún sẹ́yìn, kí ajá máa rí ẹran nígbà tó bá rí ọmọ lókèèrè, títí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀.

Àwa kò sọ pé ọmọ ni ajá. Ọmọ ní ọgbọ́n, ó ní ẹ̀rí ọkàn, a lè bá a sọ̀rọ̀ nípa Ọlọ́hun àti ọjọ́ ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n a mọ ilé, a sì mọ ilé kéwú tí ọmọ kì í bèèrè ohunkóhun mọ́, nítorí ìgbà tó bèèrè, kóbókò ló dá a lóhùn. Gbogbo wọn dákẹ́, àlejò ní wọ́n lẹ́kọ̀ọ́. A óò fẹ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Àwọn àgbà sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Gbogbo wa ń di ẹ̀bi ru ajá. Ó yẹ kí ẹnìkan bi ọdẹ náà pé, ìgbà tí ajá yìí ti ń jẹ́ ìpè rẹ, kí ló ń bá lọ́wọ́ rẹ? Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ tó sá jáde, tó padà wá nígbà tí ẹ pè é, ìyà ló jẹ, ẹ ti san owó iṣẹ́ fún un: ẹ ti kọ́ ọ pé kí ó má wá mọ́.

Ìbéèrè kan wà tó nira ju gbogbo èyí lọ. Ẹran ti wọ́n, ọmọ ènìyàn ń sùn pẹ̀lú ebi, ẹ̀yin ń gé ẹran fún ajá? A kò lè fojú kékeré wo èyí. Ìdáhùn wa ni pé kì í ṣe àfikún. Inú oúnjẹ tí a jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà ni kí ẹ ti yọ ọ́. Orí ẹja gbígbẹ tí a kò ní jẹ tó fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí kò bá lè bọ́ ọ, kó má sìn ín. A ti gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ Ànábì nípa obìnrin tó rí ìyà iná nítorí ológbò tó tì mọ́lé láìfún un lóúnjẹ, a sì gbọ́ nípa ẹni tó rí àforíjì nítorí omi tó bù fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ. Ajá tí a so mọ́ ẹ̀yìn ilé láti àárọ̀ di alẹ́, tí abọ́ omi rẹ̀ gbẹ, ipò ológbò yẹn ló wà.

A sì ní láti sọ èyí náà: ẹran kì í sọ olùkọ́ di olódodo. Ọwọ́ tó fi ẹran kọ́ ajá láti jókòó lè fi ẹran kan náà kọ́ ọ láti máa bu alágbe jẹ, ajá kò sì ní mọ ìyàtọ̀. Ọ̀nà rere ló rìn, ibi tó ń lọ ni kò dára. Ẹni tó di okùn mú ni yóò dáhùn.

Nǹkan kan ló kù. Abdullah ọmọ Amir ròyìn pé ìyá òun pe òun nígbà tí òun wà lọ́mọdé, pé òun yóò fún un ní nǹkan. Ànábì bi í léèrè ohun tó fẹ́ fún un. Ó ní dàbínù ni. Ànábì sì jẹ́ kó mọ̀ pé bí kò bá fún un ní nǹkan kan ni, irọ́ ni wọn ì bá kọ sílẹ̀ fún un. Ọmọ nìyẹn. Àwa rò pé a lè fi ti ajá wé e: kí ẹnikẹ́ni má ṣe di ẹ̀ṣẹ́ òfìfo bí ẹni pé ẹran wà nínú rẹ̀ kí ajá lè wá wọ ẹ̀wọ̀n. Bí ẹran bá tán lọ́jọ́ kan, ẹ la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ẹ jẹ́ kó gbóòórùn wọn, kí ẹ sì fi ẹ̀kọ́ sí ọ̀la.