Ẹni Kẹtàdínlógún Ní Ọ́fíìsì Tuntun

Iṣẹ́ tuntun ni Olódùmarè gbé lé àwọn irúnmọlẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ó rán wọn wá tún ilé ayé ṣe. Odù Ọ̀ṣẹ́túrá ló sọ ìtàn náà. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n: ọkùnrin mẹ́rìndínlógún, obìnrin kan ṣoṣo, Ọ̀ṣun. Bí wọ́n ṣe dé, wọ́n la igbó Orò, wọ́n la igbó Eégún, wọ́n ń pe ara wọn sípàdé, wọ́n ń pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. Kò sí ẹni tó rántí bi Ọ̀ṣun pé kí ni tirẹ̀. Òun náà kò bá wọn jà. Ó jókòó jẹ́ẹ́ ti ìyarun rẹ̀, ó ń dirun. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé sì bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Òjò kò rọ̀, àìsàn kò san, àgàn kò fọwọ́ osùn pa ọmọ lára.

Odù yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn bí ọ̀dọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ bá ń béèrè ohun tí òun lè ṣe kí àwọn tí òun bá lẹ́nu iṣẹ́ lè fa òun mọ́ra. Wọ́n á ní kó lọ aṣọ rẹ̀ dáadáa, kó dé kí aago mẹ́jọ tó lù, kó má fi fóònù ṣeré. Ìmọ̀ràn gidi ni. Àmọ́ ọ̀dọ̀ ọ̀gá nìkan ni gbogbo rẹ̀ kọjú sí, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ọ̀gá gbà síṣẹ́ ti rí ojú rere ọ̀gá kó tó dé rárá. Àwọn yòókù ló kù.

Ẹ jẹ́ ká mú Sẹkitéríà Agódi n'Ìbàdàn. Ẹni tó gboyè yunifásítì, Lẹ́fẹ́ẹ̀lì 8 ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Lórí ìwé, ó ga ju mẹ́sẹ́ńjà lọ, ó ga ju ìyá tó ń gbálẹ̀ lọ, ó ga ju ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì lọ. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí àti akọ̀wé rẹ́jísírì ló mọ ibi tí fáìlì ọdún mẹ́ta sẹ́yìn wà, àwọn ló mọ ọ̀gá tí kì í fẹ́ kí wọ́n kó ìwé wá bá òun láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bí fáìlì kò bá kúrò lórí tábìlì rẹ́jísírì, ọwọ́ ọ̀gá kò lè kàn án. Kò sí ẹni tó máa pariwo mọ́ ẹni tuntun tó fojú fò wọ́n dá. Ohun tó máa gbọ́ lọ́jọ́ Ajé ni pé wọ́n ṣì ń wá fáìlì náà, ohun kan náà ni wọ́n á sì sọ fún un lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọ̀pọ̀ ló ń ka ìtàn Ọ̀ṣun yìí dé ìdajì, tí wọ́n á ní ká máa kí àwọn tó kéré nítorí wọ́n lè pa èèyàn lára. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn irúnmọlẹ̀ padà lọ sọ́run lọ ṣàròyé, Olódùmarè bi wọ́n léèrè ìkẹtàdínlógún wọn. Ìdí tó fi béèrè ni pé òun fúnra rẹ̀ ló ti fún Ọ̀ṣun ní àṣẹ kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Kì í ṣe ìbínú ló sọ ọ́ di ẹni pàtàkì. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọn kò mọ̀, wọn kò sì béèrè. Ìkíni tí ẹ̀rù mú wá kì í pẹ́ hàn: ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń kí kìkì nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tí wọ́n fẹ́ jáde, ó mọ̀.

Nítorí náà, kí ẹni tuntun béèrè. Kó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ akọ̀wé àgbàlagbà, kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ là mí lọ́yẹ̀ bí fáìlì ṣe ń rìn níbí." Kó kí oníkálukú sí ohun tó ń ṣe: ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró, ẹ kú iṣẹ́. Mẹ́sẹ́ńjà tó jẹ́ ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀, "Bàbá" ni kó pè é, kódà bó bá ń rán an níṣẹ́. Èyí tó le díẹ̀ ni ti ọmọdébìnrin tó ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀, tí ẹni tuntun sì fi ọjọ́ orí jù ú lọ. Àwọn kan á ní àgbà ni àgbà. Lójú tèmi, kó máa sọ "ẹ" fún un lẹ́nu iṣẹ́ títí òun fúnra rẹ̀ á fi ní kó yé sọ ọ́.

Àforítì sì wà ńbẹ̀. Òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fi ọdún 2 wo ẹni tuntun kó tó fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn irúnmọlẹ̀ náà kò rí ìdáríjì gbà lójú ẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ bẹ Ọ̀ṣun. Ọ̀ṣun ní òun lóyún. Bó bá bí ọkùnrin, kí ó máa bá wọn lọ. Bó bá bí obìnrin, òun kò bá wọn ṣe mọ́. Wọ́n dúró, wọ́n ń gbàdúrà sí oyún náà títí ó fi bí Ọ̀ṣẹ́túrá, ẹni tó wá ń gbé ẹbọ wọn dé ọ̀run. Bẹ́ẹ̀ ni akọ̀wé tí inú rẹ̀ bá yọ́ sí ẹni tuntun á ṣe fa ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lé e lọ́wọ́ pé kó mú un káàkiri.

Ẹni tó bá sì ti fo ẹnì kan dá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ṣì lè padà. Kó má rán ẹnikẹ́ni. Àwọn mẹ́rìndínlógún náà, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn lọ sílé Ọ̀ṣun.